Ẹ jẹ́ kí ọmọ ṣe eré náà, ẹ má jẹ́ kó kàn dà á kọ

Bí àsìkò Yorùbá bá tó ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìgboro, nǹkan kan náà ló máa ń ṣẹlẹ̀. Tíṣà á kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù pé àfiwé tààrà ni kéèyàn fi nǹkan kan wé òmíràn, kó sì lo 'bí' tàbí 'bíi' níbẹ̀. Àwọn ọmọ á dà á kọ sínú ìwé, wọn á máa kà á bí ayékòótọ́, wọn á sì gbé e lọ síbi ìdánwò. Ẹni bá bi wọ́n pé kí ni àfiwé tààrà, wéré ni wọ́n á dáhùn. Ṣùgbọ́n kí ìyá àgbà wá kí wọn lọ́jọ́ Sátidé, kó sì sọ pé àwọn bẹ ẹnì kan títí, onítọ̀hún fàáké kọ́rí, kíá ni ọmọ tó gba mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá á béèrè pé ṣé àáké náà ò gé e lórí ni.

Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín dáa o, àmọ́ ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà kọjá ẹ̀rín. Ọmọ yẹn kì í ṣe olódo. Orúkọ ọnà èdè ni wọ́n kọ́ ọ, wọn ò tíì kọ́ ọ ní ọnà èdè gan-an. Ó dà bí ẹni tí wọ́n ka orúkọ gbogbo èròjà ọbẹ̀ fún, tí wọn ò jẹ́ kó tọ́ ọbẹ̀ wò rí.

Ọ̀rọ̀ eré oníṣe náà ò yàtọ̀. Ẹ̀dá-ìtàn, ibùdó ìtàn, ìfọ̀rọ̀wérọ̀, aṣọ àti ohun èlò orí ìtàgé, gbogbo wọn ló wà nínú ìwé ọmọ náà, ó tò wọ́n ní nọ́ńbà, tíṣà sì ti máàkì wọn. Àmọ́ láti ìgbà tó ti wọ ìwé kìn-ín-ní, kò sẹ́ni tó ní kó dìde kó ṣe ọba tàbí kó ṣe olè rí. Ó di ọjọ́ ayẹyẹ ìparí ọdún, tí àwọn ọmọ bíi mẹ́fà tí ẹnu wọn dá ṣáṣá á wọ aṣọ òkè, tí gbogbo àwọn tó kù á jókòó máa wòran.

Bẹ́ẹ̀, ẹ wo ọ̀dọ̀ àwọn tó tẹ tíátà Yorùbá dó. Hubert Ògúndé, tí wọ́n ń pè ní bàbá tíátà, tíṣà ni kó tó wọṣẹ́ ọlọ́pàá, kó tó gbé eré ẹ̀ àkọ́kọ́ jáde l'Ékòó lọ́dún 1944. Kọ́lá Ògúnmọ́lá, tó gbé Ọ̀mùtí sórí ìtàgé n'Íbàdàn lọ́dún 1963, ó ṣe tíṣà. Dúró Ládípọ̀, tí Ọba Kò So ẹ̀ jáde l'Óṣogbo lọ́dún 1963 kan náà, tíṣà lòun náà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ti dúró níwájú ọmọ ilé-ìwé kí wọ́n tó fi eré ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Ẹni tó bá sì ti dúró níwájú ọmọ ogójì lọ́sàn-án gangan, tí oòrùn ń ràn, tí ebi ń pa wọ́n, á mọ̀ pé ọmọdé kì í pẹ́ gbàgbé ohun tó kàn gbọ́, àmọ́ ohun tó fara ẹ̀ ṣe, ó di tiẹ̀ nìyẹn.

Iṣẹ́ náà ò sì le tó bí wọ́n ṣe ń rò ó. Ẹ mú ìtàn ìdí tí Ìjàpá fi pá lórí. Ìjàpá lọ kí àna ẹ̀. Ó yọjú sílé ìdáná, ó rí ẹ̀bẹ tó ń hó lórí iná, ọ̀fun ò jẹ́ kó gbádùn. Ó bù ú sínú fìlà, ó dé e mórí, ó ní òun ń lọ sílé. Àna ní rárá, èèyàn pàtàkì kì í dá lọ báyìí, àwọn á sìn ín sọ́nà. Ẹ̀bẹ ń jó Ìjàpá lórí, àna ń béèrè àlàáfíà Yánníbo, ó ń béèrè bí oko ṣe ń ṣe sí, Ìjàpá ń ta pọ́ún pọ́ún lójú kan, ó ń sọ pé kí wọ́n padà, ó tó.

Tíṣà tó bá gbé ìtàn yìí wọ kíláàsì ìwé kẹta tàbí ìkẹrin kò nílò owó. Fìlà kan ṣoṣo ti tó. Kó sọ ìtàn náà tán, kó wá bi àwọn ọmọ léèrè. Àwọn wo ló wà níbẹ̀? Ìjàpá, àna, àwọn ará ilé. Níbo ló ti ṣẹlẹ̀? Ilé ìdáná, lẹ́yìn náà ojú ọ̀nà. A jẹ́ pé ìran méjì ni. Kí ni Ìjàpá ń fẹ́? Kó tètè lọ. Kí ni àna ń fẹ́? Kó yẹ́ ẹ sí. Ẹni méjì ń fẹ́ nǹkan méjì lásìkò kan náà, gbọ́nmi-sí-i-omi-ò-tó-o ti dé nìyẹn, òun ló sì ń gbé eré. Ta ló mọ ohun tó wà lábẹ́ fìlà? Àwọn tó ń wòran mọ̀ ọ́n, àna ò mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn ìgbà tí àwọn ọmọ bá ti ṣe eré náà lẹ́ẹ̀mejì ló yẹ kí tíṣà mú ṣọ́ọ̀kì, kó wá kọ 'ẹ̀dá-ìtàn' àti 'ibùdó ìtàn' sójú bọ́ọ̀dù. Nígbà yẹn, nǹkan tí wọ́n ti mọ̀ ló ń fún lórúkọ.

Inú eré kan náà ni ọnà èdè wà. Kí tíṣà ṣòfin kan péré: Ìjàpá ò gbọdọ̀ sọ pé 'ó ń gbóná'. Kó wá ọ̀rọ̀ míì. Ọmọ kan á ní, "Orí mi dà bí ààrò!" Àfiwé tààrà nìyẹn. Ẹnì kejì á yọ 'dà bí' kúrò, á ní, "Ààrò lorí mi yìí!" Ó ti bọ́ sí àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́. Ẹnì kẹta á ní, "Ẹ̀bẹ yìí ń bú mi, ó tún ń gbá mi létí!" Ìfohunpènìyàn ni, ẹ̀bẹ ti di èèyàn. Ẹnì kẹrin, ọ̀dàrà ọmọ, á ní, "Èéfín orí mi ti dé Ìbàdàn!" Àsọdùn gidi. Kíláàsì á ti dàrú fún ẹ̀rín, ẹ̀kọ́ mẹ́rin á sì ti wọlé nínú ìkòkò ẹ̀bẹ kan. Bí ẹnì kan lára àwọn òǹwòran bá wá rántí pé ọjọ́ gbogbo ni t'olè, ọjọ́ kan ni t'olóhun, òwe ti bá eré náà dé ìparí.

Fún àwọn kékeré tí kò tíì lè ṣeré gùn, àlọ́ àpamọ̀ wà. Ìyá tó bí igba ọmọ, tí gbogbo wọn lé tìróò, tó jẹ́ pé ẹ̀wà ni, ọmọ tó bá já a ti mọ àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ kó tó gbọ́ orúkọ ẹ̀. Kí wọ́n wá ní kó pa tiẹ̀ nípa ohun tó ń rí ládùúgbò. Bàbá kan wà nínú ọgbà, kì í jẹun, epo ló ń mu, ariwo ẹ̀ ò jẹ́ kí ará ilé sùn, tó bá sì dákẹ́, gbogbo ilé á ṣókùnkùn. Ta ni? Jẹnẹrétọ̀. Ọmọ ìgboro ò nílò kó dé oko kó tó mọ Yorùbá lò.

Àwọn tíṣà á ní àwọn ọmọ ti pọ̀ jù ní kíláàsì, àsìkò ò sì sí. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n kò di dandan kí gbogbo wọn ṣeré lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ìlà kan ṣeré, kí ìlà kejì máa wá ọ̀rọ̀ sí Ìjàpá lẹ́nu, kí ìlà kẹta ṣe adájọ́, kí wọ́n sọ ẹni tó sọ̀rọ̀ tó dùn jù àti ìdí ẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí wọ́n yípo.

Àwọn òbí náà á ní Gẹ̀ẹ́sì làwọn ń san owó lé lórí, kí wọ́n má kó fanakúlà ran ọmọ àwọn. Ẹ̀rù yẹn ti pẹ́, ìdáhùn ẹ̀ náà sì ti pẹ́. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ láti ìwé kẹrin lọ, wọn ò rẹ̀yìn, wọ́n tún ta wọ́n yọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì gan-an.

Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i lóṣù kọkànlá, ọdún 2022, pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, lóṣù kọkànlá, ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e, Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ni. L'Ékòó, òfin ọdún 2018 ló sọ pé kí ilé-ìwé ìjọba àti ti aládàáni máa kọ́ Yorùbá. A jẹ́ pé ìwọ̀nba àsìkò tí wọ́n kọ 'Yorùbá' sí lórí táìmù-tébù ni ọ̀pọ̀ ọmọ ní. Bí wọ́n bá fi dídà-kọ pa á jẹ, kò sí òmíràn.

Òbí tó ń ti ibi iṣẹ́ dé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ ò lè máa pàlọ́ lójoojúmọ́, kò sẹ́ni tó ní kó ṣe é. Àmọ́ ọjọ́ ìpàdé òbí àti olùkọ́ wà, níbi tó jẹ́ pé owó lẹ́sìnnì àti yunifọ́ọ̀mù ni wọ́n sábà máa ń sọ. Kí ẹnì kan na ọwọ́ sókè níbẹ̀, kó béèrè lọ́wọ́ tíṣà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìgbà wo lọmọ mi ṣeré gbẹ̀yìn ní kíláàsì Yorùbá?" Bí tíṣà bá ní fìlà ò sí, kí òbí náà fi fìlà kan ránṣẹ́ lọ́jọ́ kejì.