Ẹ mú ọmọ lọ sí Àgbádárìgì

Àlejò ń wọ ọkọ̀ òfurufú láti Amẹ́ríkà wá wo Àgbádárìgì, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kan wà ní Morogbo, lójú ọ̀nà ibẹ̀ gan-an, tí wọn kò débẹ̀ rí. Èyí kò dára.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí àwọn míṣọ́nárì kọ́ parí ní 1845, ṣì wà níbẹ̀. Ọjà ẹrú Vlekete ńkọ́? Gberefu ńkọ́, ní òdìkejì ọ̀sà, níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrú wọ ọkọ̀ òkun? Bí Sangbeto bá sì jáde, kí òbí ṣàlàyé fọ́mọ pé ọlọ́dẹ òru àwọn Ẹ̀gùn ni.

Lóòótọ́, ìyà ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì ti pẹ́ lára ará ìlú; ọdún 2009 ni iṣẹ́ fífẹ̀ ẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Sátidé kan péré tó. Ọmọ tí òbí kò mú mọlé, àlejò ni yóò júwe ilé bàbá rẹ̀ fún un.