Agbọ̀n Ìdọ̀tí Kan fún Ìsọ̀ Kan, Kí Ọwọ́ Ọmọ Tó O

 

Ọ̀rọ̀ tòní, ara mi ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ọmọ ọmọ mi kan wà lọ́dọ̀ mi ní ìsọ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin. Ó mu píọ̀wọ́tà tán, ó ju ọ̀rá ẹ̀ sínú gọ́tà. Mo pariwo mọ́ ọn. Ó wò mí lójú, ó ní: "Màmá, ṣebí ibẹ̀ lẹ da ata tó rà sí láàárọ̀." Àwọn oníbàárà bú sẹ́rìn-ín. Mi ò rí nǹkan kan sọ. Èmi tí mo ń kọ orúkọ ẹni tó bá da ìdọ̀tí sí gọ́tà, kí ẹgbẹ́ lè gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹ̀!

Ẹ má pè é ní ọ̀rọ̀ ẹ̀rín o. Àwa ará Ìbàdàn mọ ohun tí ojú omi tó dí ń ṣe. Ọmọ kékeré ni mí nígbà tí Ògùnpa ya wọ ìgboro ní ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 1980. Ó gbé ilé, ó gbé ọjà, ó gbé èèyàn lọ. Omíyalé tún ṣe wá ní ọjọ́ 26, oṣù kẹjọ, ọdún 2011. Òjò ńlá ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí tí a dà sí ojú omi wà lára ohun tí kò jẹ́ kí omi rọ́nà gbà.

Ọ̀pọ̀ wa ń fẹ́ kí ọmọ mọ ABD kó tó wọ ilé ìwé. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tíṣà kan tó jẹ́ oníbàárà mi ní kì í ṣe ABD ló ń da òun láàmú lára àwọn ọmọ tuntun. Ó ní tí a bá rán àwọn kan níṣẹ́, wọn kì í gbọ́ ọ dópin. Wọn ò lè dá ọwọ́ fọ̀. Wọn ò lè sọ ohun tí ojú wọn rí. Mo ní, háà, gbogbo ìyẹn wà lọ́jà!

Ẹ jẹ́ kí ọmọ ṣa rodo kúrò lára tàtàṣé. Kó ka tòmátò márùn-ún márùn-ún sórí àtẹ. Kó mọ ṣọkọ yàtọ̀ sí tẹ̀tẹ̀. Bí òjò bá dá, ẹ fà á lọ́wọ́, ẹ jọ wo ibi tí omi ń gbà, ẹ bi í pé kí ló dá omi dúró. Ẹ ri ewé mọ́ínmọ́ín àti ọ̀rá mọ́lẹ̀ pa pọ̀. Lẹ́yìn oṣù méjì, ẹ jọ hú u. Ewé á ti máa jẹrà, ọ̀rá á wà bó ṣe wà. Ọmọ tó rí ìyẹn kò ní gbàgbé.

Ẹlòmíì á ní, "Ta ló ráyè?" Kò gba àyè, kò gba owó. Àmọ́ kí ọmọ má kó ọwọ́ bọ gọ́tà o. Iṣẹ́ àgbà nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, mo kọ orúkọ ara mi sínú ìwé, mo san owó ìtanràn lójú ọmọ náà. Mo wá gbé agbọ̀n kan sílẹ̀, ibi tí ọwọ́ ẹ̀ tó. Ní báyìí, bí oníbàárà bá fẹ́ ju ọ̀rá sílẹ̀, òun ló ń nawọ́ sí agbọ̀n.

Ohun tí mo ń bẹ ẹgbẹ́ fún nìyẹn: agbọ̀n kan, ìsọ̀ kan. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò; tó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà.

Èmi ni akọ̀wé yín, aláta.