Bí ojú irin bá wọ́ lójú àgbà

Gbogbo ẹni tó ń wọkọ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin Àgbàdo ló mọ̀ pé irin méjèèjì tó wà nílẹ̀ yẹn tọ́ gbọọrọ. Bí ìyá àgbà kan bá wá ń sọ pé irin náà ń wọ́ bí ejò lójú òun, tàbí pé bí òun bá ń wo ọmọ òun, etí àti gèlè lòun ń rí, òun ò rí imú, ohun tí ará ilé máa sọ ni pé, "Màmá ti dàgbà ni." Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń fọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lójú.

Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà lẹ́yìn ẹyinjú tó ń gba àwòrán. Àárín gbùngbùn rẹ̀, tí àwọn dókítà ń pè ní macula, la fi ń kàwé, òun la fi ń dá ojú èèyàn mọ̀, òun la fi ń mọ igba náírà yàtọ̀ sí ẹgbẹ̀rún. Bí ọjọ́ orí bá ń gòkè, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Oríṣi kan gbẹ, ó ń rọra jẹ ẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Abẹ́rẹ́ kan tí a máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú kò bá tirẹ̀ mu. Oríṣi kejì ni kì í fúnni láyè: òpó ẹ̀jẹ̀ tuntun tí kò lágbára á hù sábẹ́ awọ náà, á máa jò, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ojú á ti bàjẹ́.

Lóòótọ́, kátáráátì ló ń fọ́ni lójú jù nílẹ̀ wa. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láti 2005 sí 2007 fi hàn pé òun ló fa nǹkan bí 43 nínú 100 ìfọ́jú láàárín àwọn tó ti lé ní ogójì ọdún. Ṣùgbọ́n kátáráátì lè dúró de owó. Èyí tó ń jò yìí kì í dúró.

Jígí ò lè tún un ṣe. A ò bá Jígí Bọ́lá jà, ètò jígí ojú tí Tinubu dá sílẹ̀ nígbà tó ń ṣe gómìnà Èkó, tí ìjọba àpapọ̀ sì tún gbé dìde lọ́dún 2024. Ó dára fún ẹni tí jígí bá yẹ. Oògùn ìkánlójú tí wọ́n ń polówó nínú ọkọ̀ láàárín Ibafo sí Mowe náà ò lè dé ẹ̀yìn ẹyinjú.

Abẹ́rẹ́ ló ń dé ibẹ̀. Abẹ́rẹ́, nínú ojú! Orúkọ rẹ̀ ń dẹ́rù bani ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Dókítà á kọ́kọ́ kán oògùn tí kò ní jẹ́ kí ojú mọ ìrora, á fi oògùn apakòkòrò fọ̀ ọ́, á fi irin kékeré kan há ìpéǹpéjú kó má baà ṣẹ́, á wá gún un níbi funfun ojú. Kí èèyàn tó ka ení dé ẹ̀wá, ó ti parí. Ohun tó wọlé kò ju 0.05 mílílítà lọ, bí ẹ̀kán omi kan. Bí ojú bá pupa tó sì ń ro ni lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni kéèyàn padà lọ.

Ibi tó ti le ni pé ẹ̀ẹ̀kan kì í tó. Oṣooṣù ni wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ó sì lè di ọ̀rọ̀ ọdún.

Ọ̀kan nínú àwọn oògùn tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ yìí gún ni Avastin. Jẹjẹrẹ ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i lọ́dún 2004. Lọ́dún 2005, Dókítà Philip Rosenfeld ní Miami bù díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú ojú, ó ṣiṣẹ́. Ilé iṣẹ́ tó ṣe Avastin gbé Lucentis jáde fún ojú lọ́dún 2006, owó rẹ̀ sì fi ìlọ́po ìlọ́po ju ti Avastin lọ. Nígbà tí wọ́n fi méjèèjì wéra nínú ìwádìí tó jáde lọ́dún 2011, ìríran àwọn aláìsàn ò yàtọ̀. Lọ́dún 2013, àjọ ìlera àgbáyé fi Avastin sínú ìwé oògùn kòṣeémáàní nítorí ojú.

Ìgò rẹ̀ tó kéré jù gba mílílítà 4. Ẹ ṣírò rẹ̀: bí a tilẹ̀ yọ èyí tó máa ṣòfò kúrò, ojú ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa jẹ nínú ìgò kan, bí wọ́n bá péjọ lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tó bá dá ìgò rà, gbèsè ló rà. Àmọ́ pípín rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀yìnkùlé. Ní Punjab, lórílẹ̀-èdè Pakistan, ọ̀pọ̀ èèyàn ló pàdánù ojú wọn lọ́dún 2023 nítorí Avastin tí wọ́n pín síbi tí kò mọ́.

Ará Àgbàdo lè wọ ọkọ̀ ojú irin Red Line báyìí, kó sọ̀ ní Mùṣín, kó gba Ìdí-Àràbà lọ sí ilé ìwòsàn olùkọ́ni LUTH. Ará Mowe àti Ibafo ò ní ojú irin, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Ìbàdàn ni tiwọn. Àgbà wo ló máa bá a yí lóṣooṣù? Ilé ìwòsàn olùkọ́ni OOUTH ní Ṣàgámù, tìjọba ìpínlẹ̀ wọn, Ògùn, ni. Ohun tí a ń bèèrè lọ́wọ́ ìjọba kò pọ̀: ọjọ́ kan pàtó lóṣù fún abẹ́rẹ́ ojú níbẹ̀, kí àwọn apoògùn ilé ìwòsàn máa pín in bó ṣe tọ́, kí ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ sì gbé owó abẹ́rẹ́ mẹ́ta àkọ́kọ́.

Kó tó dìgbà náà, ẹ sọ fún àwọn àgbà ilé yín kí wọ́n máa fọwọ́ bo ojú kan, kí wọ́n fi èkejì wo irin ojú fèrèsé, kí wọ́n tún pààrọ̀ ọwọ́, torí ojú tó dáa máa ń bá èyí tó ń kú lọ ṣiṣẹ́, olójú ò sì ní fura. Bí irin bá wọ́, ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni kí wọ́n lọ rí dókítà ojú.

Bí ìjọba bá sì ti mú ọjọ́ abẹ́rẹ́ yẹn, kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri. Àwọn tó máa kà á ò ríran dáadáa.