Bí Àrá Bá Ń Sán, Kí Ni Aláìsàn Yóò Fi Mí?

Òjò ti dé, àrá sì ti ń sán lórí òkè Ẹ̀fọ̀n. Irú àkókò yìí ni a máa ń gbọ́ ìkìlọ̀ kan náà lọ́dọọdún: kí a yọ gbogbo ohun tó ń lo iná kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì bí ojú ọ̀run bá ti ṣú. Ìkìlọ̀ náà dára fún tẹlifíṣọ̀n, ó dára fún fíríìjì. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe ìkìlọ̀ kò rántí aláìsàn tó jókòó sórí ibùsùn ní Arámọ̀kọ tàbí Ìjerò pẹ̀lú rọ́bà ọ́síjìn ní imú. Bí ó bá yọ tẹlifíṣọ̀n, kò ní í gbọ́ ìròyìn lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí ó bá yọ ẹ̀rọ tó fi ń mí ńkọ́?

Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju báyìí lọ: ẹnikẹ́ni tó bá ní kí aláìsàn yọ ẹ̀rọ ìmí rẹ̀ nítorí àrá, kí ó kọ́kọ́ fi ohun mìíràn tí yóò máa mí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. A sì mọ ẹni tó yẹ kí ó san owó rẹ̀.

Àwọn wo là ń wí? Àwọn ará wa ni. Ẹni tó fi ogún ọdún wa kùsà ní agbègbè Ìjerò, tí eruku òkúta ń wọ̀ ọ́ ní imú. Ẹni tó ń la pákó láti àárọ̀ di alẹ́. Awakọ̀ tó ti fi èéfín dísẹ́ẹ̀lì ṣe oúnjẹ láti Ìtawúrẹ dé Iléṣà. Eruku òkúta tó kúnná, bí ó bá ti dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, àpá ló ń dá síbẹ̀, àpá náà kì í sì í san. Nígbà tí dókítà bá ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ máa lo ọ́síjìn nílé, ẹ̀rọ tó ń lo iná ni wọ́n sábà ń rà. Ẹ̀rọ náà ń fa afẹ́fẹ́ inú yàrá, èyí tí ọ́síjìn inú rẹ̀ kò ju 21 nínú 100 lọ, ó ń sẹ́ ìyókù dànù bí ìyá wa ṣe ń sẹ́ ògì, títí ohun tó ń lọ sí imú aláìsàn fi máa tó bí 90 nínú 100. Kò ní ọ́síjìn kankan ní ìpamọ́. Bí iná bá lọ, ó parí nìyẹn.

Àwọn kan ń sọ pé àrá kì í pa aláìṣẹ̀, pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́ kò ní ohun tí yóò bẹ̀rù. A kò bá oníṣàngó jà. Ṣùgbọ́n a ti rí òpó iná tí àrá fà ya, a sì mọ̀ pé òpó iná kò jalè. Bí àrá bá bọ́ lu waya ní ìsàlẹ̀ òkè, agbára rẹ̀ á gba ojú waya wọ ilé tó jìnnà síbẹ̀, á sì jó bọ́ọ̀dù inú ẹ̀rọ. Ẹni tó bá di ẹ̀rọ náà mú lè bá a lọ. Àwọn mìíràn gbẹ́kẹ̀ lé sitabiláísà. Iná tó ń lọ sókè sódò ni sitabiláísà ń tún ṣe, kò mọ ohun tí yóò fi àrá ṣe. Àwọn ohun ìdáàbòbò mìíràn tí wọ́n ń tà wúlò díẹ̀ bí ilé bá ní waya tó wọ ilẹ̀ dáadáa (ilé mélòó ló ní in ládùúgbò wa?), síbẹ̀ kò sí èyí tó lè gba àrá tó bá bọ́ lu ilé gan-an.

Nítorí náà sílíńdà ọ́síjìn ni. Kò lo iná rárá, àrá kò sì rí ọ̀nà gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti ojú waya. Kí ojú ọ̀run tó dúdú tán ni kí ẹ ti ṣí sílíńdà, kí ẹ wò ó bóyá ó ń fẹ́, kí ẹ gbé rọ́bà aláìsàn síbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ pa ẹ̀rọ, kí ẹ sì yọ ọ́. Bí ẹ bá rí mànàmáná tí ẹ kò tíì ka ìṣẹ́jú àáyá 30 kí àrá tó sán, ó ti wà láàárín bí kìlómítà 10 sí yín. Ní àkókò yẹn ẹ má fọwọ́ kan ẹ̀rọ tàbí waya rẹ̀ mọ́. Ẹ gbé aláìsàn sórí sílíńdà, kí ẹ fi ẹ̀rọ sílẹ̀ níbi tó wà. Bí kò bá sí sílíńdà, tí dókítà sì ti sọ pé ẹni náà kò lè dúró láìsí ọ́síjìn, ẹ má ṣe torí ìbẹ̀rù àrá pa á: ẹ jẹ́ kí ó máa lo ẹ̀rọ, kí ẹ̀rọ jìnnà sí ibùsùn bí rọ́bà bá ṣe gùn tó, kí ẹnikẹ́ni má sún mọ́ ọn. Lẹ́yìn àrá tó sán kẹ́yìn, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 30 kí ẹ tó dá ẹ̀rọ padà sínú iná.

Òkùnkùn tún ní ewu tirẹ̀. Bí iná bá lọ, ọwọ́ wa a máa yá láti tan àbẹ́là tàbí àtùpà. Níbi tí ọ́síjìn bá wà, ohun tó yẹ kí ó máa jó díẹ̀díẹ̀ á gbiná lójijì. Tọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ lò, kí oògùn ẹ̀fọn alẹ́fín àti sìgá jìnnà síbẹ̀. Ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ gbọ́ o: ẹ má fi ọwọ́ gírísì tú ẹnu sílíńdà, nítorí òróró àti ọ́síjìn kì í bára gbé. Kí aláìsàn má fi Vaseline pa imú bí rọ́bà bá ń ha á. Àti jẹnẹrétọ̀ tí ẹ ń gbé wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí òjò má baà pa á, èéfín rẹ̀ tí kò ní òórùn lè pa gbogbo ilé mọ́ ojú oorun.

Ẹni tó bá ní ásímà, kí ó má fi ojú kékeré wo ìjì. Ní ìlú Melbourne ní Ọsirélíà, lọ́jọ́ 21 oṣù Kọkànlá 2016, ìjì kan fọ́ lẹ́búlẹ́bú ewéko wẹ́wẹ́ sínú afẹ́fẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kò lè mí, ènìyàn 10 sì kú. Nẹ́búláísà ń fẹ́ iná. Oògùn afínsẹ́nu kò fẹ́ iná, kí ó wà nínú àpò yín.

Ó kù ẹni tí yóò sanwó. Òfin Àsanpadà Òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó oṣù sí àpò tí NSITF ń tọ́jú, kì í sì í ṣe láti inú owó tiwa. Àpò náà wà fún àìsàn tí iṣẹ́ fà bó ṣe wà fún ìfarapa, ìtọ́jú sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni à ń gbọ́? Ọ̀gá kan ní eruku ilé ìdáná ìyàwó ló ba ẹ̀dọ̀fóró òṣìṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Ogún ọdún nídìí ẹ̀rọ ìfọ́kùúta, ilé ìdáná ló jẹ̀bi! Òfin fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ 14 láti sọ fún ọ̀gá, ó fún ọ̀gá ní ọjọ́ 7 láti fi tó àjọ náà létí. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ má sọ ọ́ lẹ́nu lásán.

Wọ́n ní sílíńdà wọ́n. Sílíńdà tó gba líta 680, bí aláìsàn bá ń lo líta 2 ní ìṣẹ́jú kan, á gbé e fún wákàtí 5 àbọ̀. Ìjì wo ló ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?

Àwọn apíná náà kò ní í bọ́ lọ́wọ́ wa. Láti oṣù Kọkànlá 2013 ni iná ti bọ́ sọ́wọ́ oníṣòwò, síbẹ̀ ará ìlú ló ṣì ń dáwó ra òpó àti tiransifọ́mà. Òfin iná ti 2023 ti fún ìpínlẹ̀ ní àṣẹ lórí ọjà iná tirẹ̀, Èkìtì sì ti gba àṣẹ náà, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má tún sọ fún wa pé Àbújá ni kí a lọ. A fẹ́ ohun tó ń gba àrá sórí gbogbo tiransifọ́mà, a sì fẹ́ kí wọ́n ní ìwé orúkọ ilé tí ẹ̀rọ ìmí wà, kí wọ́n máa sọ fún wọn ṣáájú kí wọ́n tó pa iná.

Awakọ̀ tó ń wa ọkọ̀ ara rẹ̀ kò ní ọ̀gá tí yóò sanwó fún un. Fún irú wọn, a dábàá pé kí ẹ̀ka ra sílíńdà méjì, kí ọ̀kan wà ní Ìjerò, kí ìkejì wà ní Arámọ̀kọ fún àwọn ti Ẹ̀fọ̀n náà. Owó tí à ń dá ra aṣọ òkú, kí a yọ ìdajì rẹ̀ fún ẹni tó ṣì ń mí. Kí aṣojú ibi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan mú orúkọ aláìsàn tó ń lo ẹ̀rọ lọ́dọ̀ rẹ̀ wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, pẹ̀lú iye líta tí dókítà kọ fún un.