Bí Ìgbín Bá Fà, Ìkarahun A Tẹ̀lé E

Ọ̀rọ̀ tọkọtaya, tàbí ti ọ̀gá àti ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀, ni a sábà máa ń fi òwe yìí sọ. Èmi fẹ́ mú un gba ọ̀nà òkè lọ, ní ẹ̀yìn Atlanta níbí.

Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ ojú irin MARTA lóṣù kẹta dé North Springs, níbi tó parí sí ní àríwá, ẹ lè rí wọn: àwọn tó gbé àpò ńlá kọ́ ẹ̀yìn, tí ọ̀pá wà lọ́wọ́ wọn. Òkè Springer ni wọ́n ń lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Appalachian Trail ti bẹ̀rẹ̀, ó gba ìpínlẹ̀ 14 kọjá dé òkè Katahdin ní Maine, ó sì lé ní 2,190 máìlì. Ẹsẹ̀ ni wọn ó fi rìn ín, fún nǹkan bí oṣù márùn-ún sí méje. Nínú ẹni mẹ́rin tó bá dáwọ́ lé e, nǹkan bí ẹnì kan ló ń dé òpin. Àwọn ará wa ní Lawrenceville, nítòsí Atlanta, á ní, “Ta ló rán wọn níṣẹ́?” Ìbéèrè gidi ni.

Àwọn arìnrìn-àjò náà fúnra wọn máa ń sọ pé ìbẹ̀rù ẹni lẹni ń dì sápò. Ẹni tí ẹ̀rù ebi ń bà á ru oúnjẹ tó lè bọ́ agbo ilé; ẹni tí ń sá fún òtútù, aṣọ ni tirẹ̀. Ní Neel Gap, tó fi bí 31 máìlì jìn sí Springer, ọ̀nà náà gba abẹ́ òrùlé ilé olókùúta kan kọjá. Ṣọ́ọ̀bù wà níbẹ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ á bá wọn tú ẹrù palẹ̀, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á sì fi èyí tí kò wúlò ránṣẹ́ padà sílé. Àwọn mìíràn jáwọ́ níbẹ̀, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan péré.

Àpò fúyẹ́ o, ṣùgbọ́n ìkarahun ṣì wà. Ìgbín kò ra tirẹ̀ lọ́jà, ara rẹ̀ ló ti hù ú, ibi tí òwe náà sì ti le jù lójú tèmi nìyẹn. Nígbà tí òjò bá rọ̀ léraléra, tí kò sẹ́ni tí a ó bá sọ̀rọ̀, ohun tí èèyàn rò pé òun ti fi sílẹ̀ nílé á yọjú. Will Robinson, ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó jà ní Iraq, gbé ọgbẹ́ ọkàn tí ogun dá sí i lára lọ sójú ọ̀nà. Ní 2019 ló di ọkùnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí a mọ̀ pé ó rin àwọn ọ̀nà gígùn ńlá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ilẹ̀ Amẹ́ríkà já.

Ti Emma Gatewood ló wù mí jù. Ẹni ọdún 67 ni ní 1955, ìyá ọlọ́mọ 11, nígbà tó gbéra ní òkè Oglethorpe ní Georgia, níbi tí ọ̀nà náà ti ń bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn. Bàtà kánfáàsì ló wọ̀, àpò tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán ló gbé, kò sì ru àgọ́. Kọ́tìnnì balùwẹ̀ ló fi ń sá fún òjò. Ọkọ rẹ̀ ti lù ú fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó kọ ara wọn sílẹ̀, inú igbó ló sì máa ń sá lọ nígbà náà. Kí ló tún kù nínú igbó tí yóò dẹ́rù bà á? Ó gun Katahdin lóṣù kẹsàn-án ọdún yẹn. Ní 1957, ó tún rin gbogbo rẹ̀ já.