A Ó Gbóhùn Ìyá, A Ó Gbóhùn Ọmọ

Bí obìnrin bá bímọ ní ilẹ̀ Yorùbá, "Ẹ kú ewu ọmọ" ni a ń kí i. Àwọn tí ó dá ìkíni yìí sílẹ̀ mọ̀ pé ewu wà nínú ìkúnlẹ̀. Ohun tí ó ń bí mi nínú ni pé àwa tí a ń fi ẹnu kí ewu kò fẹ́ fi ojú wá a.

Bí aboyún bá ṣubú lulẹ̀ ní Ṣakí tàbí ní Ìsẹ́yìn, tí ojú rẹ̀ yí, tí tọwọ́-tẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, gìrì aláboyún ni a óò pè é. Àwọn kan á ní òtútù ni. Àwọn mìíràn á ní iṣẹ́ ayé ni. Orúkọ ń ro ènìyàn, ó sì ń ro àìsàn pẹ̀lú. Nítorí pé a pè é ní gìrì, àgbo gìrì ọmọdé ni a ń wá kiri, a sì ń sín gbẹ́rẹ́ fún ẹni tí ikú ti fẹ́ gbé lọ. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó bí gìrì yìí, ó sì ti wà lára aboyún náà kí gìrì tó dé.

Lẹ́yìn ogún ọ̀sẹ̀ oyún ni ó sábà máa ń yọjú. Bí ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ bá dé 140 lórí 90, ọ̀rọ̀ ti di ti dókítà. Bí purotéènì bá tún wà nínú ìtọ̀, ewu ti pọ̀ sí i. Orí lè máa fọ́ aboyún, ojú rẹ̀ lè máa ṣú, ọwọ́ àti ojú rẹ̀ sì lè wú. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, kò ní mọ nǹkan kan lára. Ẹ̀jẹ̀ kì í tó ibi ọmọ mọ́ bí ó ti yẹ: ọmọ a kéré, a lè bí i kí oṣù rẹ̀ tó pé, ó sì lè kú sínú. Ní ti ìyá, kíndìnrín, ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ rẹ̀ ni ó wà nínú ewu.

Àwọn kan yóò ní mo ń tàbùkù àṣà. Àṣà wo? Àwọn àgbà tí ó kà á léèwọ̀ fún aboyún láti rìn nínú oòrùn ọ̀sángangan, ìṣọ́ra ni wọ́n ń kọ́ wa. Ní Igbó-Ọrà, ní Ìbàràpá tí ó bá Òkè-Ògùn pààlà, a ń gbé ìbejì jó, gbogbo ayé sì ń yìn wá. Oyún ìbejì gan-an wà lára àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ríru yìí ń bá jà jù, bí oyún àkọ́kọ́ náà ti rí. Ta ni ó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ìyá wọn?

Ẹ̀bi ìjọba ńkọ́? Ní ọdún 2002, ìwádìí Magpie, tí ó kan obìnrin tí ó lé ní 10,000 ní orílẹ̀-èdè 33, tí Nàìjíríà wà lára wọn, fi hàn pé magnesium sulphate ń dín gìrì yìí kù ju ìlàjì lọ. Oògùn náà kò wọ́n. Ilé ìlera tí kò bá ní in, tí kò ní ẹ̀rọ tí a ń so mọ́ apá láti fi wọn ẹ̀jẹ̀, ilé lásán ni. Ọ̀nà Ṣakí sí Ìbàdàn jìn. Gìrì kì í dúró de mọ́tò.

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a. "A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ," ni àdúrà wa. Ọkọ, ìyá ọkọ àti ìyá àgbẹ̀bí tí ó bá ṣe àmín sí i, kí ó mú aboyún rẹ̀ lọ wọn ẹ̀jẹ̀.