Olóyin Nìkan Kọ́ Ni Ẹ̀wà

Ẹ bá mi dé ọjà èyíkéyìí nílùú ńlá. Olóyin ni, drum ni, funfun ni, ó parí! Ẹ béèrè ẹ̀wà wẹ́wẹ́ alámì tótòtó tí àwọn baba wa ń gbìn sáàárín iṣu, tàbí kẹ́ ẹ béèrè òtílí àti sèsé, ìyá ọlọ́jà á wò yín látòkè délẹ̀.

Ká má purọ́ fúnra wa, àwa ará ìlú ńlá la ń pa irúgbìn wọ̀nyí. Àgbẹ̀ kì í gbin ohun tí kò ní olùrà. Bí kò bá gbìn ín lọ́dún yìí, tí kò gbìn ín lẹ́ẹ̀mí-ìn, èyí tó kù nílé á gbó, kò ní hù mọ́.

Àwọn ọ̀mọ̀wé á ní kò séwu, ó wà nínú yàrá tútù. Òótọ́ ni. Ilé ìwádìí IITA n'Íbàdàn ní oríṣi ẹ̀wà tó lé ní 15,000. Kò síbi tí wọ́n kó ẹ̀wà jọ tó bẹ́ẹ̀ láyé. Lọ́dún 2008 wọ́n tún fi lára rẹ̀ pa mọ́ sí Svalbard ní Norway, nínú òtútù nini. Mo kan sáárá sí wọn. Láwọn ọdún 1970 tí wọ́n ń yẹ ẹ̀wà wọ̀nyí wò, wọ́n rí ẹ̀wà ìbílẹ̀ Nàìjíríà kan tí kòkòrò tó ń dá ẹ̀wà lu nínú àpò kò lè jẹ bó ṣe fẹ́. TVu 2027 ni wọ́n pè é, bí ẹni ń pe ẹlẹ́wọ̀n! Ara rẹ̀ ni wọ́n ti mú ẹ̀wà tuntun tí kì í tètè dá lu jáde. Ṣùgbọ́n ta ló tọ́jú rẹ̀ kó tó dé Ìbàdàn? Àgbẹ̀ ni, tó ń ṣa irúgbìn sọ́tọ̀ lọ́dọọdún, tó ń jẹ ẹ́, tó ń tà á.

Ẹ̀wà tó ń sùn nínú òtútù kò mọ̀ pé òjò ti yàtọ̀ sí ti àtijọ́, kò sì bá kòkòrò tuntun wọ̀yá ìjà rí. Èyí tó wà lóko ló ń bá ayé yí. Iná mànàmáná sì ni yàrá tútù ń lò. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀nà tí mò ń gbà sọ̀rọ̀.

Wọ́n á ní òtílí kì í tètè jinná, gáàsì sì ti wọ́n. Ìyẹn kì í ṣe irọ́. Ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, iná tẹ́ ẹ máa lò á dín kù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra kóńgò olóyin márùn-ún, ẹ ra mẹ́rin, kẹ́ ẹ fi owó ìkarùn-ún wá òtílí tàbí sèsé. Ìjọba tó bá sì ń pín irúgbìn fágbẹ̀, kó fi ti ìbílẹ̀ sí i. Bí ìyá ọlọ́jà bá ní òun ò ní, ẹ tún béèrè lọ́jà tó ń bọ̀, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó mọ̀ pé owó wà lọ́wọ́ yín. Òun lá sọ fún alágbàtà, alágbàtà á sọ fágbẹ̀, kí irúgbìn tó kù nílé rẹ̀ tó gbó.